Àwòrán Wo Ló Yẹ Ojú Kọ̀ǹpútà Ilé?

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ẹ bá wọ pálọ̀ wa ní Ìbà Housing Estate, ohun mẹ́ta lẹ máa kọ́kọ́ rí lára ògiri: kàlẹ́ńdà ọdún yìí, fọ́tò ìgbéyàwó bàbá àti màmá mi, àti aago tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Màmá mi ló yan ibi tí kàlẹ́ńdà wà. Bàbá mi ló kan ìṣó tí fọ́tò rọ̀ mọ́. Aago náà, àwa ọmọ la ní kí wọ́n má sọ ọ́ nù. Kò sí èyí tí ẹnìkan nínú ilé kò yàn. Ṣùgbọ́n àwòrán tí a ń wò jù lọ nínú ilé wa kò sí lára ògiri. Ojú kọ̀ǹpútà ló wà, kò sì sí ẹni tó yàn án nínú wa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ńṣe ló bá ẹ̀rọ náà wá.

Àwòrán tí mo ń sọ yìí ni èyí tó máa ń wà lẹ́yìn gbogbo iṣẹ́ tí a bá ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà, tí à ń pè ní wallpaper. Ó ní ìkejì kan tí à ń pè ní screensaver, ìyẹn àwòrán tí ń rìn, tó máa ń bo ojú kọ̀ǹpútà bí a kò bá fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ní ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ń kọ́ wa bí a ṣe ń ṣe lámèyítọ́ ewì, eré onítàn àti ìtàn àròsọ. N kò tíì rí ẹni tó ṣe lámèyítọ́ àwòrán ojú kọ̀ǹpútà, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ka ìwé kan lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún lè rí àwòrán yẹn lẹ́ẹ̀mẹwàá lóòjọ́. Ohun tí mo fẹ́ ṣe nìyí. Ìbéèrè mẹ́ta ni n ó fi wọn àwọn àwòrán tó ti wà lójú kọ̀ǹpútà wa. Èkínní: ṣé àwòrán náà gba iṣẹ́ láyè? Èkejì: ṣé agbára ẹ̀rọ náà gbé e? Ẹ̀kẹta: ṣé ó kan àwọn tó ń wò ó?

Kí ẹ tó lè bá mi ṣe ìdájọ́, ó yẹ kí ẹ mọ irú ẹ̀rọ tí mo ń sọ. Kọ̀ǹpútà wa ti dàgbà. Tòkunbọ̀ ni bàbá mi rà á ní ọjà Alábà, tí kò jìnnà sí wa, nígbà tí mo ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Windows XP ló wà nínú rẹ̀, RAM rẹ̀ kò sì ju 256 MB lọ. Microsoft gbé Windows XP jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2001, wọ́n sì dáwọ́ ìtìlẹ́yìn wọn fún un dúró ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2014. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Síbẹ̀ ó ń ṣiṣẹ́. Olùkọ́ ni bàbá mi, òun ni wọ́n fi ń tẹ ìbéèrè ìdánwò. Aránṣọ ni màmá mi, inú rẹ̀ ni wọ́n ń kọ orúkọ àwọn oníbàárà àti iye tó kù lọ́wọ́ oníkálukú sí. Èmi àti àbúrò mi ń fi í tẹ iṣẹ́ àmúrelé. Bí iná bá wà, a máa ń dúró lórí ìlà dè é bí ẹni ń dúró de omi.

Àwòrán àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ wò ni òkè tútù. Ẹni tó bá ti lo Windows XP rí mọ̀ ọ́n: òkè kékeré kan tí koríko bò, ojú ọ̀run búlúù, ìkùukùu funfun díẹ̀díẹ̀. Bliss ni orúkọ tí Microsoft sọ ọ́, ìyẹn ayọ̀ tó kún dẹ́nu. Bàbá mi rò pé ayàwòrán kan ló fi ọ̀dà kùn ún. Àbúrò mi ní Ọbúdú ni. Èmi ní kọ̀ǹpútà ló dá a ṣe, nítorí pé koríko kì í rí bẹ́ẹ̀ ní ibi tí mo mọ̀. Kò sí ẹni tó gbà á nínú wa. Fọ́tò ni. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Charles O'Rear ló yà á ní oṣù kìíní ọdún 1996, ní ẹ̀bá ọ̀nà kan ní agbègbè Sonoma, ìpínlẹ̀ California, Amẹ́ríkà. Ó ń wakọ̀ lọ kí olólùfẹ́ rẹ̀ ni, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ó rí òkè náà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé kámẹ́rà onífíìmù rẹ̀ jáde. Ó sọ pé òun kò fi kọ̀ǹpútà tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn náà ni Microsoft ra àwòrán yìí lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n sì fi sínú ẹ̀rọ káàkiri ayé, títí ó fi dé orí tábìlì wa ní Ìbà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yìn ín, nítorí pé ìyìn tọ́ sí i. Ní ti ìbéèrè kìíní, n kò tíì rí àwòrán tó gba iṣẹ́ láyè tó o. Kò sí ènìyàn nínú rẹ̀ tó ń wo ènìyàn lójú. Kò sí ilé, kò sí igi, kò sí ohun kan pàtó tí ojú yóò máa wá. Àwọn àmì kéékèèké tí à ń tẹ̀ láti ṣí iṣẹ́ wa máa ń hàn kedere lórí búlúù yẹn, orúkọ wọn kì í sì í sọnù. Bí mo bá ṣí ìwé tí mo ń tẹ̀, mo máa ń gbàgbé pé àwòrán kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí mo bá ti ìwé náà pa, ó wà níbẹ̀, kò bínú.

Ní ti ìbéèrè kejì, ó tún yege. Ojú kọ̀ǹpútà wa ní àmì àwọ̀ 1,024 ní ìbú àti 768 ní gíga. Bí ẹ bá sọ wọ́n di púpọ̀, 786,432 ni. Àmì kọ̀ọ̀kan ń gba báìtì 3, nítorí náà àwòrán tó bá ojú ẹ̀rọ wa mu gẹ́lẹ́ máa tó nǹkan bí 2.4 MB. Òkè tútù kéré sí ìyẹn. 800 sí 600 ni wọ́n ṣe é, kò sì tó 1.5 MB. Kò ni ẹ̀rọ lára.

Ibi tó ti kùnà ni ìbéèrè kẹta. Kí ni òkè yẹn kàn wá? Fún ọdún bíi mélòó kan ni mo fi wò ó tí n kò bi ara mi léèrè ibi tó wà. Nígbà tí mo wá bèèrè, mo rí i pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Oko àjàrà ni agbègbè tí òkè yẹn wà. Ní àwọn ọdún yẹn, kòkòrò kékeré kan tó ń jẹ́ phylloxera, tó máa ń jẹ gbòǹgbò àjàrà, ba ọ̀pọ̀ oko jẹ́ níbẹ̀, àwọn àgbẹ̀ sì ní láti hú àjàrà wọn. Ìdí nìyẹn tí òkè náà fi ṣófo lọ́jọ́ tí Charles O'Rear kọjá. Òjò ìgbà òtútù rọ̀, koríko hù síbi tí àjàrà ti wà. Lẹ́yìn ìgbà náà, wọ́n tún gbin àjàrà sí i, ẹni tó bá dé ibẹ̀ lónìí kò ní rí ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà.

Nítorí náà, òfìfo tí mo ń yìn lẹ́ẹ̀kan, àdánù ẹlòmíràn ni. Àgbẹ̀ tó hú àjàrà rẹ̀ lè wo àwòrán yẹn kí inú rẹ̀ bàjẹ́. Àwa ń wò ó, a ń rí ìsinmi. N kò sọ èyí láti bu àwòrán náà kù. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwòrán ibì kan kì í sọ̀rọ̀ tán fún ẹni tí kò mọ ibẹ̀. Òkè tútù bá gbogbo ayé mu nítorí pé kò bá ẹnikẹ́ni wí. Fún ilé iṣẹ́ tó ń tajà fún gbogbo ayé, ọgbọ́n nìyẹn. Fún ilé kan ṣoṣo, mo rò pé a lè bèèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí n tó sọ ohun tí a fi rọ́pò rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n dé ọ̀dọ̀ àwọn àwòrán tí ń rìn, nítorí pé àwọn náà wà lójú kan náà.

Screensaver ní iṣẹ́ gidi nígbà kan. Mọ́nítọ̀ àtijọ́, àwọn oníkùn ńlá tó wúwo bí àpò gàrí, ní kẹ́míkà kan lẹ́yìn gíláàsì wọn tó máa ń tàn. Bí àwòrán kan náà bá dúró lórí rẹ̀ fún oṣù mélòó kan, ibẹ̀ á jó, àpá rẹ̀ á sì wà títí. Mo fi ojú ara mi rí i. Mọ́nítọ̀ àkọ́kọ́ tó bá kọ̀ǹpútà wa wá láti Alábà ní àpá bẹ́ẹ̀. Bí a bá pa iná pálọ̀, tí ojú rẹ̀ sì dúdú, ẹ óò rí ìlà àti àpótí kéékèèké tó rí bí ojú ìwé ìṣirò owó. Ẹnìkan ti fi í ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan lókè òkun, iṣẹ́ rẹ̀ sì tẹ̀ lé ẹ̀rọ náà dé Ìbà. Bí ẹni yẹn bá ti lo screensaver, àpá náà ì bá má sí. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀: kí ohun kan máa rìn, kí ohunkóhun má dúró pẹ́ níbì kan.

Ṣùgbọ́n mọ́nítọ̀ oníkùn yẹn ti kú. Èyí tí a ń lò báyìí jẹ́ pẹlẹbẹ, àwòrán kì í sì í jó wọ inú rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tán, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ kò kúrò. Mo wá wo èyí tí Windows XP gbé wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àbúrò mi fẹ́ràn èyí tí páìpù ń gùn káàkiri ojú ẹ̀rọ. Mo gbà pé ó dùn-ún wò. Páìpù kan á yọ láti òkùnkùn, á yà sọ́tùn-ún, á yà sókè, òmíràn á gba àárín rẹ̀ kọjá, títí ojú ẹ̀rọ á fi kún. Lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ á parẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń fún ẹ̀rọ níṣẹ́ ní àkókò tó yẹ kó sinmi. Bí páìpù bá ti bẹ̀rẹ̀, fáànù inú kọ̀ǹpútà wa á máa hó bí ìkòkò ẹ̀wà. Àwòrán tí wọ́n ní kó dáàbò bo ẹ̀rọ ló wá ń da ẹ̀rọ láàmú.

Màmá mi fẹ́ràn èyí tó ń fi fọ́tò inú kọ̀ǹpútà hàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀, títí di ọjọ́ tí àlejò méjì jókòó sí pálọ̀. Fọ́tò ìkómọjáde kọjá, wọ́n rẹ́rìn-ín. Fọ́tò ìparí ẹ̀kọ́ mi kọjá, wọ́n kí mi. Lẹ́yìn náà ni ìwé báńkì bàbá mi, tí a fi síkánà dà sínú fódà kan náà, jáde gàdàgbà pẹ̀lú iye owó tó wà nínú rẹ̀. Àwòrán yẹn kò mọ ohun tó yẹ kí àlejò rí àti èyí tí kò yẹ. Gbogbo ohun tó bá wà nínú fódà ni yóò tú síta. Bí ẹ bá ń lò ó, ẹ ya fódà kan sọ́tọ̀ fún un.

Àwọn ọ̀rẹ́ wa kan máa ń gba screensaver tuntun sínú flash láti ọwọ́ ẹlòmíràn. Ẹ ṣọ́ra. Fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .scr kì í ṣe àwòrán lásán. Ètò ni, ó lè ṣe ohun tí ètò mìíràn lè ṣe, títí kan kíkó fáírọ́ọ̀sì wọlé.

Kò wá túmọ̀ sí pé kò sí screensaver tó wúlò rí. Ní ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún ọdún 1999, Yunifásítì California ní Berkeley gbé ètò kan jáde tó ń jẹ́ SETI@home. Bí ẹni tó ni kọ̀ǹpútà bá dìde, ètò náà á bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àmì rédíò tó wá láti ojú sánmà wò, bóyá ẹ̀dá mìíràn wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn ló yọ̀ǹda ẹ̀rọ wọn fún un, kò sì dáwọ́ pínpín iṣẹ́ dúró títí di ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2020. Èrò tó dára ni. Ṣùgbọ́n ó dá lórí ohun kan tí kò sí ní àdúgbò wa: pé bí ènìyàn kò bá sí nídìí kọ̀ǹpútà, iná ṣì máa ń wà, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ní ilé wa, bí iná bá wà, kò sí ẹni tó máa fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ lófo. Bí ó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni, gbogbo ìṣẹ́jú ló ń jẹ epo. Bí ó bá jẹ́ UPS ni, ìṣẹ́jú díẹ̀ tó kù fún bàbá mi láti fi pa iṣẹ́ wọn mọ́, kò yẹ kí páìpù jẹ ẹ́.

Ìdájọ́ mi lórí àwọn àwòrán tí ń rìn nìyí: lórí ẹ̀rọ àgbà tó ní mọ́nítọ̀ pẹlẹbẹ, ojú dúdú ló sàn jù. Mo yan "None" níbi tí wọ́n ti ń yan screensaver, mo sì sọ fún kọ̀ǹpútà kó pa mọ́nítọ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún. Àbúrò mi bínú fún ọjọ́ méjì. Fáànù ẹ̀rọ dákẹ́.

Ó wá ku wallpaper. Ìyá tó bí màmá mi ń gbé ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì máa ń wá lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ́dọ̀ wa lọ́dọọdún. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n jókòó sórí àga oníke níwájú búlọ́ọ̀kù wa, wọ́n ń yọ ẹ̀gúsí nínú èèpo. Àwọn ilé Jákàǹdè ni ilé àdúgbò wa, èyí tí ìjọba Gómìnà Lateef Jakande kọ́ fún àwọn mẹ̀kúnnù láàárín ọdún 1979 sí 1983. Wọn kì í ṣe ilé tí ẹnikẹ́ni ń fi ṣe káàdì ìkíni. Nínú fọ́tò tí àǹtí mi fi fóònù yà lọ́jọ́ náà, ẹ óò rí ògiri tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí, okùn aṣọ, àti kẹ́ẹ̀gì omi méjì. Ṣùgbọ́n oòrùn ìrọ̀lẹ́ bọ́ sójú màmá àgbà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí ẹnìkan sọ, ọwọ́ wọn sì wà nínú igbá ẹ̀gúsí. Àǹtí mi da fọ́tò náà sínú kọ̀ǹpútà wa. Oṣù kejì lẹ́yìn náà, wọ́n jí fóònù yẹn mọ́ wọn lọ́wọ́ nínú ọkọ̀ ní Okokomaiko.

Èmi ni mo ní kí a fi fọ́tò náà rọ́pò òkè tútù. Kò rọrùn. Fọ́tò náà ga, ojú kọ̀ǹpútà fẹ̀. Windows XP fún mi ní ọ̀nà mẹ́ta. Mo yan "Stretch", ojú màmá àgbà fẹ̀ bí àtẹ. Mo yan "Center", àyà àti ọwọ́ wọn nìkan ló hàn, gèlè ti lọ sókè. Mo yan "Tile", ògiri àti okùn aṣọ ló gba gbogbo ojú ẹ̀rọ. Ó tún wúwo: 1,536 sí 2,048 ni ìwọ̀n rẹ̀, ìyẹn nǹkan bí 9.4 MB bí ẹ̀rọ bá ṣí i tán. Bí a bá tan kọ̀ǹpútà, a máa ń jókòó wo ojú òfìfo kí màmá àgbà tó yọ.

Mo bá ṣí fọ́tò náà nínú Paint, mo dín in kù sí ìdá mẹ́tàdínlógójì nínú ọgọ́rùn-ún. Ó di 568 sí 758, kò sì ju nǹkan bí 1.3 MB lọ mọ́. Mo yan "Center", mo fi àwọ̀ ewé dúdú sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, mo sì kó àwọn àmì iṣẹ́ sí apá òsì. Màmá mi wò ó títí. Wọ́n ní, "Ẹ má gbé nǹkan kan lé ìyá mi lójú o." Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó gbé fáìlì síbẹ̀.

Ní ti ìbéèrè mẹ́ta mi, àwòrán yìí yege ní kejì àti ẹ̀kẹta. Ní èkínní, bàbá mi kò gbà. Wọ́n bi mí pé, "Ṣé ibi iṣẹ́ lo ń ṣe ni, àbí ibi ìrántí?" Wọ́n ní bí àwọn bá ti iṣẹ́ pa, àwọn á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wo màmá, àwọn á ronú pé àwọn kò tíì pè wọ́n lọ́sẹ̀ yẹn, ìbéèrè ìdánwò á sì dúró. Òótọ́ ni. Òkè tútù kì í dá iṣẹ́ dúró. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í pe Abẹ́òkúta ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwòrán tó dá iṣẹ́ dúró fún ìṣẹ́jú méjì nítorí ìyẹn, n kò lè pè é ní àwòrán burúkú.

Ibi tí mo fẹ́ kí lámèyítọ́ mi parí sí nìyẹn, kí n yin ara mi díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀.

Màmá àgbà jáde láyé lọ́dún tó kọjá. Nígbà tí àwọn ẹbí jókòó láti yan fọ́tò tí wọ́n máa tẹ̀ sórí pósítà àti ìwé ètò ìsìnkú, gbogbo wọn ló dárúkọ fọ́tò ẹ̀gúsí. Wọ́n rán mi. Mo da á sínú flash, mo gbé e lọ bá ọkùnrin kan tó ń tẹ̀wé nítòsí ọgbà LASU. Ó ṣí i, ó fà á fẹ̀, ojú màmá àgbà sì di ègé àwọ̀ kéékèèké bí táìlì. Ó ní, "Àbúrò, fọ́tò yìí kéré jù, ó ti ń fọ́. Níbo ni ojúlówó rẹ̀ wà?"

N kò ní ìdáhùn. Lọ́jọ́ tí mo dín in kù nínú Paint, "Save" ni mo tẹ̀. Ó yẹ kí n tẹ "Save As", kí n fún èyí tó kéré ní orúkọ tirẹ̀, kí ojúlówó sì wà bó ṣe wà. Fóònù àǹtí mi ti lọ. Ẹyọ kan tó kù, èmi ni mo fọwọ́ ara mi dín in kù. Ọkùnrin náà ṣàlàyé fún mi pé kí ìwé tó mọ́ kedere, ó máa ń fẹ́ nǹkan bí àmì 300 sínú íǹṣì kọ̀ọ̀kan. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì nígbà tí mo ń bọ̀ wálé: 568 kò tó íǹṣì méjì ní ìbú. Màmá àgbà tó kún ojú kọ̀ǹpútà wa láti òkè dé ìsàlẹ̀, lórí ìwé, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ju fọ́tò pásípọ́ọ̀tù lọ.

Fọ́tò òde àríyá kan ni wọ́n padà lò, tí wọ́n ti ń di ojú nítorí oòrùn. Mo sọ òótọ́ fún màmá mi. Wọ́n ní, "Kò burú. O kò mọ̀." Mi ò rò pé n kò mọ̀. Mo kàn ń wo ojú kọ̀ǹpútà nìkan ni, n kò wo fọ́tò náà.

Nítorí náà, mo ní láti tún òṣùwọ̀n mi ṣe. Mo ti bèèrè bóyá ẹ̀rọ lè gbé àwòrán. N kò bèèrè bóyá àwòrán lè là á já lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Òkè tútù kò ní ìṣòro yìí, nítorí pé ẹ̀dà rẹ̀ wà káàkiri ayé. Bí kọ̀ǹpútà wa bá jóná lọ́la, kò sí ohun tó máa ṣe òkè yẹn. Ṣùgbọ́n àwòrán tó kan ilé kan ṣoṣo, ilé yẹn nìkan ló ní in. Bí ó bá ṣe ṣe pàtàkì fún wa tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀dà rẹ̀ ṣe máa ń kéré tó. Ìbéèrè kẹrin nìyí, òun ló sì yẹ kó ṣáájú: níbo ni ojúlówó wà?

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa sọ pé ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí a fi òkè tútù sílẹ̀, tàbí kí a lo àwọ̀ kan ṣoṣo láìsí àwòrán rárá. Ìmọ̀ràn tó bọ́gbọ́n mu ni fún yàrá kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́, níbi tí ogójì akẹ́kọ̀ọ́ ti ń lo ẹ̀rọ kan náà. Èmi kò gbà á fún ilé. Bí a kò bá yan ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà wa, ẹlòmíràn ti yàn án fún wa, ẹni náà kò sì mọ̀ wá. Ohun tó yẹ kí a ṣe ni kí a yàn, kí a sì tọ́jú. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, kí ẹ tó fi fọ́tò kankan ṣe wallpaper, ẹ da ojúlówó rẹ̀ sí ibi méjì, kí ẹ tó fọwọ́ kan ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá mọ kọ̀ǹpútà ju yín lọ, ẹ ṣì bi í léèrè ibi tó fi fọ́tò sí.

Fọ́tò ẹ̀gúsí ṣì wà lójú kọ̀ǹpútà wa. Ó bá ojú ẹ̀rọ yẹn mu gẹ́lẹ́, kò sì sí ibòmíràn tó lè bá mu mọ́. Mo ti da ẹ̀dà rẹ̀ sínú flash méjì, ọ̀kan wà lọ́wọ́ màmá mi, ọ̀kan wà lọ́wọ́ àǹtí mi. Nígbà tí bàbá mi bá tẹ̀wé tán lálẹ́, wọ́n máa ń ti ìwé pa, wọn kì í sì í dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, mọ́nítọ̀ á pa ara rẹ̀. Wọ́n á fi ọwọ́ kan eku kọ̀ǹpútà díẹ̀, ojú rẹ̀ á tún mọ́lẹ̀.